Ẹ́ńjìnnì Subaru nínú Ìjàpá 1971: wáyà ẹ̀ fẹ́ dà mí lórí rú

IjapaRogodo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Volkswagen Ìjàpá 1971 ni mo ní, 12 fóòtì ni. Mo ti yọ ẹ́ńjìnnì 1600 tó bá a wá, èyí tó ń fi atẹ́gùn tu ara ẹ̀, mo sì ti gbé ẹ́ńjìnnì EJ22 tí mo yọ nínú Subaru Legacy 1992 síbẹ̀, gíà ọlọ́wọ́ ni Legacy yẹn. Iṣẹ́ irin ti parí, irin pẹlẹbẹ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà ti jókòó, rédíétọ̀ ti wà níwájú, páìpù omi ti débẹ̀.

Wáyà ló kù. Mo yọ odidi wáyà Legacy yẹn, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní yàrá, ó gba ilẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ń fò ó kọjá bí ẹni tó ń fo ejò. Kọ̀nẹ́kítọ̀ tó wà lára ẹ̀, mo kà á dé 40 ó sú mi. Mo wá wo ti Ìjàpá, wáyà tó lọ sídìí ẹ́ńjìnnì ò ju márùn-ún lọ! Báwo lẹ ṣe ń mú irú àwọn méjì yìí pàdé? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gé gbogbo èyí tí mi ò bá mọ̀ dànù, pé ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.

BabaRiwaya:
Àbúrò, kí ọ̀rẹ́ yẹn má súnmọ́ wáyà yẹn mọ́ o. Ẹ́ńjìnnì máa mọ̀!

Fara balẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń dẹ́rù bà ẹ́ yẹn, kò kan Ìjàpá rárá. Gbogbo wáyà tó kúrò lórí ẹ́ńjìnnì tó lọ sí brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bíi ti nọ́súlù tó ń fún epo, ti kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, ti sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì àti ti kámù tó ń sọ ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé, ti ooru omi, ti atẹ́gùn tó ń wọlé, ti sàlẹ́ǹsà, àwọn yẹn ti mọ ara wọn tipẹ́, bí wọ́n ṣe wà ni kóo fi wọ́n sílẹ̀. Ibi tí brainbox ti ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tìẹ wà, ohun tó sì ń béèrè ò pọ̀. Ó fẹ́ iná tó wà nígbà gbogbo bóo ṣí kọ́kọ́rọ́ bó ò ṣí i. Ó fẹ́ iná tó ń dé nígbà tóo bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Ó fẹ́ mọ ìgbà tóo bá ń sítáàtì. Ó fẹ́ ẹ́ẹ̀tì tó dáa, ìyẹn wáyà tó padà sí negative bátìrì. Òun fúnra ẹ̀ á wá máa tan ríléè (swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) ti pọ́ǹpù epo, ríléè fáànù àti lámpù Check Engine. Ó tán! Bíi méje nìyẹn, èyí tó kù, bíi AC àti kúrúùsì, yíyọ ni wàá yọ wọ́n, kì í ṣe gígé.

Wá dáyágíràmù Legacy ọdún yẹn gan-an kóo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá, tìẹ tí wọ́n kọ 1992 sí, kì í ṣe 1995, nítorí wọ́n yí i padà. Ẹni tí ò bá ní dáyágíràmù kó ti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yẹn pa kó lọ sùn.

OmoKoili:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Èmi fẹ́ kìlọ̀ nípa àwọ̀ wáyà torí ibẹ̀ ni mo ti jẹ iyán mi níṣu.

Nínú mọ́tò Jámánì bíi Ìjàpá, pupa ni iná ìgbà gbogbo, búráùn ni ẹ́ẹ̀tì, dúdú sì ni iná tó ń dé tóo bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò Japan, dúdú yẹn náà ni ẹ́ẹ̀tì! Alẹ́ ọjọ́ kan ó ti rẹ̀ mí, mo ní kí n so ìwọ̀nba tó kù kí n tó sùn, mo rí dúdú lápá ibí, mo rí dúdú lápá ọ̀hún, mo ní ọmọ ìyá ni wọ́n, mo so wọ́n pọ̀. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́. Kí n tó mọ̀, èéfín ti ń jáde lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, rọ́bà wáyà ń yọ́, ó ń kán tó tó tó sórí bàtà mi, mo sáré lọ tú bátìrì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé sípánà bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fíúsì kankan ò sì já o! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wáyà tó ń lọ sí kọ́ìlì nínú Ìjàpá ò gba inú fíúsì kankan kọjá, ìdí kọ́kọ́rọ́ ló ti ń lọ tààrà sẹ́yìn.

Nọ́ńbà ni kóo tẹ̀ lé. Àwọn Jámánì máa ń kọ nọ́ńbà sídìí nǹkan wọn: 30 ni iná ìgbà gbogbo, 15 ni iná kọ́kọ́rọ́, 50 ni sítátà, 31 ni ẹ́ẹ̀tì, 61 ni lámpù cháàjì. Kódà ríléè tí gbogbo wa ń rà, 30, 85, 86, 87 tó wà lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti wá. Tí nọ́ńbà bá ti parẹ́, mítà ló kù, má bi àwọ̀ léèrè.

IjapaRogodo:
Háà. Dúdú àti dúdú! Mo ti fẹ́ ṣe é lánàá o, ọmọ mi ló pè mí lọ. Ẹ ṣeun gan. Ẹ̀gbọ́n BabaRiwaya, tí mo bá fẹ́ yọ àwọn wáyà tí mi ò nílò, ṣé kí n máa fa wọ́n jáde lápá kọ̀nẹ́kítọ̀ ni àbí kí n ṣí téèpù ẹ̀ kúrò?

ObinrinOnisipana:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn torí mo ti ṣe mẹ́ta.

Má tíì ṣí téèpù. Kọ́kọ́ so gbogbo kọ̀nẹ́kítọ̀ padà sórí ẹ́ńjìnnì bó ṣe wà nínú Legacy, èyí tó bá ti níbùjókòó, lẹ téèpù funfun mọ́ ọn kóo kọ orúkọ ẹ̀ sí i, kóo ya fọ́tò. Àwọn tó kù tí wọn ò níbùjókòó ló ń lọ sínú mọ́tò, dáyágíràmù á sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ìgbà yẹn ni wàá wá ṣí téèpù láti orí dé ìdí, lọ́sàn-án o, tóo bá ní ìmọ́lẹ̀. Wáyà tóo bá fẹ́ yọ, tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fi mítà kàn án ní orí méjèèjì kó ké, kóo tó fi abẹ́rẹ́ ti ahọ́n ẹ̀ jáde nínú kọ̀nẹ́kítọ̀. Wáyà míì máa ń pín sí mẹ́ta láàárín ọ̀nà, tóo bá gé e nídìí kan, o ti pa méjì tó kù tí ò ṣẹ̀ ẹ́. Iná tó ń lọ sí nọ́súlù máa ń pín báyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀.

Nǹkan mẹ́ta tí mo ti rí tí àwọn èèyàn jù nù tí wọ́n wá sunkún. Àkọ́kọ́, igniter, àpótí kékeré tó ń gba àṣẹ brainbox láti tan kọ́ìlì. Kò sí lórí ẹ́ńjìnnì, ara ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ ló máa ń wà nínú Legacy yẹn, ẹni tó yọ ẹ́ńjìnnì á fi í síbẹ̀. Láìsí i, púlọ́ọ̀gì ò ní tan láéláé. Èkejì, àwọn kọ̀nẹ́kítọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé àti dúdú tí wọ́n so rọ̀ lásán lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọn ò so mọ́ nǹkan kan. Gbogbo èèyàn rò pé pàǹtí ni. Àwọn lo máa fi yẹ ẹ́ńjìnnì wò! Tóo bá so aláwọ̀ ewé méjèèjì pọ̀ tóo ṣí ON, pọ́ǹpù epo àti fáànù á máa tàn á máa kú, tàn, kú, wàá mọ̀ pé wáyà wọn dé ibi tó yẹ. Dúdú méjèèjì ní tiwọn, wọ́n ń jẹ́ kí Check Engine sọ àṣìṣe tó ti wà nílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni sẹ́ńsọ̀ ìsáré, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, á bu yín jẹ tó bá yá.

KopaMejila:
Mo fọwọ́ sí i. Mo fi kún un pé brainbox yẹn, ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn ni kóo gbé e sí, ní pẹpẹ ẹrù yẹn, má gbé e sínú ilé ẹ́ńjìnnì, ooru á pa á. Tó bá wà níbẹ̀, ó súnmọ́ ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe wà nínú Legacy lọ, o ò ní fa wáyà gùn rárá, kíkúrú ni wàá ké e. Má sì wé èyí tó ṣẹ́kù bí okùn adìẹ kóo tì í sígun.

Ní ti síso wáyà pọ̀, èmi lẹ́ẹ̀dì ni mo ń jó, irin rírọ̀ tó ń yọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra.

BabaRiwaya:
KopaMejila, lẹ́ẹ̀dì nínú mọ́tò? Ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá ti wọ inú wáyà dé, ibẹ̀ máa ń le gbandi, ibi tó parí sí ni wáyà á sì ti kán tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n. Gba pílíásì tí wọ́n ṣe fún títẹ ahọ́n wáyà, fi páìpù irin róbótó kékeré tí ò ní rọ́bà lára so wọ́n, kóo fi rọ́bà tó ń fún tí iná bá kàn án bò ó, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú, kí omi má wọlé. Má fi ti aláwọ̀ búlúù àti pupa tí wọ́n fi eyín ń tẹ̀.

KopaMejila:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, lẹ́ẹ̀dì tí mo jó láti bí ọdún mẹ́wàá ṣì wà lára mọ́tò mi tí kò kán. Tóo bá so wáyà yẹn mọ́ nǹkan kan lápá ọ̀tún lápá òsì tí ò lè mì, kò ní kán. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń jó o jù, rọ́bà á yọ́ sẹ́yìn. Fún un, pílíásì ló rọrùn jù. Ibi tí a kò ti ní jiyàn ni wáyà sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì àti ti kámù. Àwọ̀n wáyà ni wọ́n fi bo àwọn yẹn, kí ariwo iná kọ́ìlì má wọ̀ ọ́. Má gé e, má fà á gùn, má jẹ́ kó bá wáyà púlọ́ọ̀gì tàbí ti alternator, ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì, rìn pọ̀. Àwọ̀n yẹn, orí kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi kan ẹ́ẹ̀tì, lápá brainbox, tóo bá fi méjèèjì kàn án ló máa wá di eriali fún ẹ.

AmpMeje:
Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ríléè dáadáa o, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti ń jó.

Kọ́kọ́rọ́ Ìjàpá àti wáyà 15 ẹ̀, kọ́ìlì kan, ṣóòkù kábúrétọ̀ àti nǹkan tín-ín-rín kan ni wọ́n ṣe é fún. Kò lè gbé nọ́súlù mẹ́rin, kọ́ìlì Subaru, brainbox àti pọ́ǹpù epo, á gbóná, fóòtì á sì wálẹ̀, o máa wá máa wá àṣìṣe lórí ẹ́ńjìnnì tí ò ṣẹ̀. Nítorí náà jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ máa dárúkọ, kí ríléè máa ṣiṣẹ́. Wáyà 15 yẹn, ríléè ni kó kàn tan, okùn inú ríléè ò fà ju bíi 0.15 sí 0.2 amp lọ. Iná gidi kí ó wá tààrà láti bátìrì, bátìrì Ìjàpá sì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ìyẹn ti bá ẹ ṣe iṣẹ́ ìdajì torí ọ̀nà kúrú. Gbé ríléè ńlá àti ti pọ́ǹpù Subaru fúnra ẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú fíúsì wọn. Fíúsì àkọ́kọ́ kó súnmọ́ orí bátìrì bó bá ṣe lè súnmọ́ tó, torí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Fún pọ́ǹpù lo wáyà 2.5 mm². Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kóo so pọ́ǹpù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà. Brainbox ló yẹ kó máa tan án, torí tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì, tó bá jẹ́ ìjàǹbá, òun á pa pọ́ǹpù. Nọ́súlù yìí ń fẹ́ epo tó ń tì ní nǹkan bíi 2.5 sí 3 bar, ti kábúrétọ̀ tẹ́lẹ̀ ò tó 0.5 bar, ẹ ronú ohun tí páìpù tó já máa ṣe tí pọ́ǹpù ò bá dúró.

Fáànù ní tiẹ̀, rédíétọ̀ ẹ wà níwájú, brainbox wà lẹ́yìn. Má ta iná fáànù láti ẹ̀yìn dé iwájú gba inú brainbox. Wáyà tín-ín-rín kan ni kóo tà síwájú láti lọ tan ríléè tó wà níbẹ̀.

OmoKoili:
Ti cháàjì ńkọ́? 1971 yìí, dáínámò, ẹ̀rọ cháàjì àtijọ́, ló máa ní, pẹ̀lú regulator tó ń ṣọ́ fóòtì cháàjì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Alternator Subaru ní tiẹ̀ nínú, nítorí náà yọ ti abẹ́ ìjókòó kúrò. Wàá rí wáyà pupa tó nípọn níbẹ̀ lójú ibì kan náà, B+, ọ̀kan ń lọ sí bátìrì, èkejì ń lọ síwájú láti bọ́ iná mọ́tò. So wọ́n pọ̀ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo iná mọ́tò máa kú wàá ní Subaru ló pa á. Wáyà tó ti dáínámò wá tẹ́lẹ̀ ò lè gbé alternator, ta tuntun tó nípọn lọ sí bátìrì. Wáyà búlúù 61 yẹn, òun ni kóo so mọ́ ojú L lẹ́yìn alternator.

Ti lámpù òróró ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Swíìṣì òróró Volkswagen àti ti Subaru, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń kan ẹ́ẹ̀tì nígbà tí òróró ò bá tì. Wáyà Ìjàpá, so ó mọ́ swíìṣì Subaru, máa lọ.

IjapaRogodo:
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ, wáyà tí mo yọ jáde kún inú bókẹ́ẹ̀tì! Èyí tó kù wúwo díẹ̀ ju ti Ìjàpá lọ ni. Mo so aláwọ̀ ewé méjèèjì, pọ́ǹpù ń tàn ó ń kú, inú mi dùn. Mo tú wọn, mo sítáàtì, ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa ṣùgbọ́n kò gbà. Púlọ́ọ̀gì ò tan. Igniter wà níbẹ̀ o, ẹ má bi mí.

ObinrinOnisipana:
Níbo lo ti mú iná ON fún ríléè ńlá?

IjapaRogodo:
Wáyà kan nídìí kọ́kọ́rọ́. Mo fi mítà kàn án, tí mo bá ṣí ON ó mú 12.4.

ObinrinOnisipana:
Gbé mítà síbẹ̀ kí ẹlòmíì máa sítáàtì, kóo wo ojú ẹ̀ ní àkókò tó ń yí.

IjapaRogodo:
Ó bọ́ sí 0!! Tí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ó padà sí 12.

ObinrinOnisipana:
Òun nìyẹn. Àwọn wáyà kan wà nídìí kọ́kọ́rọ́ tó máa ń kú tóo bá ń sítáàtì, kí bátìrì lè gbájú mọ́ sítátà. O ti fi ọ̀kan nínú wọn bọ́ brainbox, nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ gan-an ló ń sùn. Wá 15 tòótọ́, èyí tó ń lọ sí kọ́ìlì tẹ́lẹ̀, ìyẹn ò ní kú.

IjapaRogodo:
Ó TI GBÀ! Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ó ń kùn bí oyin. Ìyàwó mi jáde wá wò ó, ó ní ṣé yàrá òun ti di òfo báyìí.

Ṣùgbọ́n mo gbé e jáde lọ sí ìdí òpópónà, tí mo bá ti yọ ẹsẹ̀ lórí epo tí mo fẹ́ dúró, á kú. Tí mo bá dúró sójú kan tí mo ń gbọ́ ọ, kò ní kú. Check Engine náà tàn. Lámpù cháàjì sì ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò kú tán.

BabaRiwaya:
Ohun tí ObinrinOnisipana ní á bu ẹ́ jẹ nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ ìsáré. Inú mítà ìsáré Legacy ló ti máa ń wá, o ti ju mítà yẹn nù, brainbox wá rò pé mọ́tò dúró sójú kan látọjọ́ tóo ti gbé e wọlé. Nígbà tóo bá yọ ẹsẹ̀, kò mọ̀ pé mọ́tò ń yí, kò lè múra sílẹ̀ láti gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń lẹ mágnẹ́ẹ̀tì mẹ́rin yípo ìdí ọ̀pá tó ń yí táyà lẹ́yìn, mo so sẹ́ńsọ̀ kékeré kan sójú ẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa bí mágnẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń kọjá, mo ta wáyà ẹ̀ sí ojú sẹ́ńsọ̀ ìsáré lórí brainbox. Jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra dọ́gba, kóo lẹ̀ wọ́n kó le, kóo tún fi nǹkan dè é torí ibẹ̀ ń yára gan. So dúdú méjèèjì kóo ka Check Engine, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun nìkan ni.

Ní ti lámpù cháàjì, ṣé o pààrọ̀ bọ́ọ̀bù inú dáṣíbọ́ọ̀dù sí LED?

IjapaRogodo:
Ẹ̀gbọ́n báwo lẹ ṣe mọ̀...

BabaRiwaya:
Iná tó ń gba inú bọ́ọ̀bù yẹn kọjá ló ń jí alternator. LED ò jẹ́ kó tó. Dá bọ́ọ̀bù àtijọ́ padà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, wo bátìrì, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Tó bá wà ní ìsàlẹ̀, gbé mítà láti orí irin ẹ́ńjìnnì sí negative bátìrì nígbà tí ẹni kan bá ń sítáàtì, tí nǹkan tóo rí bá ti fẹ́ tó ààbọ̀ fóòtì, ẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ò tó. Ha ọ̀dà kúrò níbi tóo dè é mọ́.

IjapaRogodo:
Bọ́ọ̀bù ti padà, lámpù kú pátá, 14.1 ni mítà sọ. Sẹ́ńsọ̀ ìsáré nìkan ni Check Engine dárúkọ. Mo ti lẹ mágnẹ́ẹ̀tì, ó kù kí n de sẹ́ńsọ̀ náà mọ́ abẹ́ gíà, mo ń dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ. OmoKoili, wáyà dúdú tí mo bá rí báyìí, mo kọ́kọ́ ń kí i.

KopaMejila:
Má tíì wé téèpù títí wàá fi wà á ní ọ̀sẹ̀ méjì o. Gbogbo ẹni tó yára wé téèpù ló ń tú u.